Ilé Tí A Fi Dógò Kì Í Ṣe Ilé Tí A Tà

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ òní. Ní ilẹ̀ Okun, láti Kábà dé Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Mọ́pà, ilé kíkọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Ẹlòmíràn a fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ọ: ọdún yìí ìpìlẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ògiri, ọdún tí kọfí tàbí kajú bá sì pa owó wọlé ni páànù yóò gun orí rẹ̀. Ọmọ Okun tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ní Àbújá tàbí ní Èkó kì í ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó délé bí kò bá tíì ní òrùlé kan ní ìlú baba rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí ìwé bá dé láti báńkì pé a ó ta ilé náà ní gbàǹjo, tàbí ọjọ́ tí ayánilówó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà tí ó ní kí a kó ẹrù jáde, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù àti páànù nìkan ni ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ onílé.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó burú jù lọ ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń ṣe: wọn a dákẹ́. Ìtìjú a mú wọn pa ilé tì, wọn a sá lọ sí ìlú mìíràn, tàbí kí wọ́n fọwọ́ sí ìwékíwèé tí a bá gbé síwájú wọn. Wọ́n rò pé láti ọjọ́ tí àwọn ti fi ilé dúró fún owó ni ilé ti kúrò lọ́wọ́ àwọn, pé ojú rere ayánilówó nìkan ni ó jẹ́ kí àwọn ṣì máa sùn nínú rẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà nínú ẹ̀sìn, kò sì tọ̀nà nínú òfin ìjọba.

Ti ẹ̀sìn ni kí a kọ́kọ́ mú. Ìdógò, èyí tí àwọn onímọ̀ fíkíhù ń pè ní rahn, ní ẹsẹ̀ nínú Àlùkùránì. Nínú Súrà Baqarah, ẹsẹ 282 pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, ẹsẹ 283 sì fàyè gba ohun ìdógò tí a gbé lé ayánilówó lọ́wọ́. Ànábì pàápàá, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ẹ̀wù irin ogun rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ Júù kan ní Mẹ̀dínà nítorí ọkà báálì tí ó gbà fún àwọn ará ilé rẹ̀. Bukhari gbà á wá pé ẹ̀wù náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ó jáde láyé. Kò sí ẹ̀gàn nínú fífi nǹkan dógò.

Ṣùgbọ́n ní ìgbà àìmọ̀kan, àwọn Lárúbáwá ní àṣà kan. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè kò rí owó san, ohun ìdógò ti di ti ayánilówó nìyẹn, bí ó tilẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá owó tí ó yá. Ànábì fi òpin sí àṣà yìí. Hadíìsì tí Ìmáàmù Màlíkì kó sínú Muwatta láti ọ̀dọ̀ Saeed ọmọ Musayyab fi yé ni pé ìdógò kì í pàdánù mọ́ ẹni tí ó fi í lélẹ̀ lọ́wọ́. Ìmáàmù Màlíkì, ẹni tí púpọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí Nàìjíríà ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, sì ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá sọ nígbà tí ó ń yáwó pé “bí n kò bá gbé owó wá lọ́jọ́ báyìí, ohun ìdógò di tìrẹ,” àdéhùn náà kò dára, a ó sì fagi lé e. Bí ó bá gbé owó dé lẹ́yìn ọjọ́ náà pàápàá, nǹkan rẹ̀ ni yóò gbà padà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Owó ni ayánilówó ní ẹ̀tọ́ sí. Kò ní ẹ̀tọ́ sí ilé. Bí ó bá di dandan kí a ta ilé, kí a tà á ní ọ̀nà tí ó tọ́, kí ó mú owó rẹ̀ níbẹ̀, kí onílé sì gba èyí tí ó bá ṣẹ́ kù.

Àṣà ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí èyí. Bí baba bá fi oko dógò tí ó sì kú láìrí owó san, ọmọ rẹ̀, àní ọmọ-ọmọ rẹ̀, lè gbé owó náà lọ kí ó sì gba oko padà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó gba oko sí ìdógò kì í fi í gbin kòkó tàbí kọfí sí i, nítorí igi tí yóò pẹ́ nílẹ̀ a máa dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbàpadà. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àṣà àtijọ́ ni ó rọ onígbèsè lọ́rùn. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ nípa ológò, ẹni tí ayánilówó máa ń rán lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé, tí yóò máa pariwo, tí yóò sì máa pa adìẹ ilé jẹ títí a ó fi rí owó san. Ológò kò tíì kú tán. Inú fóònù ni ó kó lọ, níbi tí ó ti ń fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí onígbèsè bá mọ̀.

Òfin ìjọba wá ńkọ́? Níbí ni ó yẹ kí ọmọ Kábà ti ṣọ́ra, nítorí ohun tí agbẹjọ́rò ará Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ bá kà nínú ìwé òfin tirẹ̀ lè má jẹ́ èyí tí ó de Kábà. Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin tirẹ̀ lórí ohun ìní àti ìwé ilẹ̀. Èkó náà ṣe tirẹ̀ lórí ìdógò ilé ní 2010. Ṣùgbọ́n abẹ́ Àríwá ni Kábà wà ní 1959, kí ó tó bọ́ sí Kwara ní 1967 àti Kogi ní 1991. Ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ Àríwá jogún lórí ọ̀rọ̀ yìí ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1881, ti ayé Ọbabìnrin Victoria. Ó ti ju ogóje ọdún lọ, síbẹ̀ òun ni àwọn agbẹjọ́rò máa ń gbé jáde níwájú adájọ́ nínú àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá àtijọ́ tí kò tíì ṣe tiwọn.

Ohun tí òfin náà sọ ni pé báńkì kò lè jí lọ́jọ́ kan kí ó kàn ta ilé. Ọjọ́ tí a dá fún sísan owó gbọ́dọ̀ ti kọjá. Lẹ́yìn èyí, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀: kí báńkì ti kọ ìwé sí onílé pé kí ó san owó, kí oṣù mẹ́ta sì ti kọjá láìsan, tàbí kí èlé ti wọ oṣù méjì lẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀ láìsan, tàbí kí onílé ti rú ìlérí mìíràn nínú ìwé àdéhùn. Kí a kíyè sí i pé ìwé àdéhùn tí báńkì fúnra rẹ̀ kọ a máa dín oṣù wọ̀nyí kù, nígbà mìíràn a tilẹ̀ yọ wọ́n kúrò. Nítorí náà, ẹni tí ìwé ìkìlọ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wá ẹ̀dà ìwé tí ó fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí ó yáwó. Ọ̀pọ̀ kò ní in. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè fún un, kí wọ́n sì béèrè fún ìṣírò owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti rí ìyà tí báńkì fi kún èlé láìsí nínú àdéhùn.

Irú ìwé tí a ṣe náà tún ṣe pàtàkì. Bí onílé bá fọwọ́ sí ìwé ìdógò tí ó pé, tí a fi òǹtẹ̀ òfin sí, báńkì lè tà á láìlọ sí ilé ẹjọ́ nígbà tí àsìkò bá tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwé ilẹ̀ lásán ni ó kó lé báńkì lọ́wọ́, ìyẹn C of O tàbí ìwé tí ó fi ra ilẹ̀, láìsí ìwé mìíràn tí ó fún báńkì ní agbára àtità, báńkì gbọ́dọ̀ tọ ilé ẹjọ́ lọ kí ó tó lè ta ohunkóhun. Bí ayánilówó bá sì fẹ́ kí ilé di tirẹ̀ pátápátá, kì í ṣe kí ó tà á, ilé ẹjọ́ nìkan ni ó lè fún un ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ yóò kọ́kọ́ fún onílé ní àsìkò láti san, oṣù mẹ́fà ni ó wọ́pọ̀, kí ó tó fi òǹtẹ̀ ìkẹyìn tẹ̀ ẹ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀tọ́ àtira ilé padà ṣì wà lọ́wọ́ onílé. Bí ó bá rí owó náà pé, èlé àti ìnáwó rẹ̀ pẹ̀lú, báńkì kò lè kọ̀ ọ́ kí ó sọ pé ọjọ́ ti kọjá. Ẹ̀tọ́ yìí kò ní ọjọ́ àìkú o. Ọjọ́ tí báńkì bá ti bá olùrà ṣe àdéhùn tí ó múlẹ̀ ni ó parí. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ kan ti ìdákẹ́ fi lè ba iṣẹ́ ogún ọdún jẹ́.

Kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ọkùnrin kan fi ilé rẹ̀ yá mílíọ̀nù mẹ́rin náírà láti fi ra kajú. Òwò kò lọ déédéé, gbèsè náà pẹ̀lú èlé di mílíọ̀nù mẹ́fà. Báńkì ta ilé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, ìnáwó títà rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mílíọ̀nù méjì àbọ̀ tí ó ṣẹ́ kù, ti onílé ni. Òfin sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, báńkì sì dà bí ẹni tí a gbé àmánà lé lọ́wọ́ lórí owó náà títí yóò fi san án. Ẹni tí ó bá ti sá lọ kò ní sí nílé láti béèrè. Bí iye tí a ta ilé kò bá sì tó gbèsè, èyí tí ó kù ṣì wà lọ́rùn onígbèsè. Báńkì gbọ́dọ̀ tà á pẹ̀lú òótọ́ inú, kò sì gbọdọ̀ tà á fún ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé owó pọ́ọ́kú nìkan kò tó láti fagi lé títà náà, àfi bí ó bá kéré débi pé jìbìtì hàn gbangba nínú rẹ̀. Gbàǹjo kì í mú owó gidi wá. Ẹni tí ó bá rí i pé òun kò lè san mọ́, ìbá sàn kí ó tọ báńkì lọ kí ó gbàṣẹ láti wá olùrà fúnra rẹ̀, kí báńkì gba tirẹ̀ lọ́wọ́ olùrà náà.

Nínú ìlú kéékèèké, báńkì kọ́ ni ìṣòro tí ó pọ̀ jù. Ilé tí ó ní C of O kò pọ̀. Ìwé ọwọ́ ni púpọ̀ ní, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ìwé rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó ìgboro ni wọ́n ń lọ, àwọn tí ìlú ti fún ní orúkọ kan tí kò yẹ kí a pè lórí míńbárì. Àwọn wọ̀nyí ní ọgbọ́n kan: wọn kì í kọ ìwé gbèsè, ìwé títà ni wọ́n ń kọ. Wọn a ní kí ẹni tí ó fẹ́ yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fọwọ́ sí i pé òun ti ta ilé òun ní iye náà, wọn kò ní kọ déètì sí i, wọn a sì fi ẹnu sọ pé àwọn yóò ya ìwé náà bí owó bá dé. Àṣà ìgbà àìmọ̀kan tí Ànábì parẹ́ gan-an ni èyí, ó kàn wọ agbádá tuntun ni. Ilé ẹjọ́ kì í wo orúkọ tí a kọ sórí ìwé nìkan. Bí a bá lè fi hàn pé gbèsè ni, ìdógò ni adájọ́ yóò kà á sí, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú ìwé dí onílé lọ́wọ́ àtira ilé rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ̀rí wà? Ẹni tí ó yáwó láìsí ẹlẹ́rìí, tí ó ń dá owó padà díẹ̀díẹ̀ láìgba rìsíìtì, ti pa ẹsẹ 282 tì, yóò sì ṣòro fún un níwájú adájọ́.

Ilé ẹbí ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ ẹbí kan kò lè dá fi ilé baba dógò. Bí ẹni tí kì í ṣe olórí ẹbí bá ṣe é, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá dá ṣe é láìsí àwọn olórí ìsọ̀rí yòókù, àwọn wọ̀nyí lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí a fagi lé e, bí wọ́n bá tètè lọ. Ní ilẹ̀ Okun, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń jẹ́ ọmọ baba kan náà, kò sí ohun tí ó kan ẹ̀sìn nínú èyí: ẹ̀gbọ́n tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹnu nínú ilé náà gẹ́gẹ́ bí àbúrò tí ó ń kírun. Bí onílé bá sì kú pẹ̀lú gbèsè lórí ilé rẹ̀, Súrà Nisá ti sọ pé gbèsè ni a ó kọ́kọ́ yọ kí a tó pín ogún. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àtira ilé padà jẹ́ ogún pẹ̀lú, opó àti àwọn ọmọ sì lè lò ó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi etí méjèèjì gbọ́. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ tí ó ní àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ dógò láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ti ilẹ̀ àṣẹ ìbílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, tí ó ti Èkó wá, onílé tí ó fi ilé dógò sọ fún ilé ẹjọ́ pé gómìnà kò fọwọ́ sí i, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì dá a láre pé ìdógò náà kò múlẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ni ó ti sá sábẹ́ ìdájọ́ yìí. Àwọn ìdájọ́ mìíràn tẹ̀lé e níbi tí adájọ́ ti sọ pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ jèrè àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀. Onílé ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ìwé rẹ̀ wò bóyá ìyọ̀ǹda wà, agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò sì béèrè. Ṣùgbọ́n bí ìdógò bá tilẹ̀ wó, gbèsè kò wó. Ẹni tí ó gba owó, tí ó fi ra ọjà, tí ó wá fi àìfọwọ́sí gómìnà gba ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà san ojú owó rárá, ó ti jẹ owó olówó ní ọ̀nà àìtọ́. Súrà Baqarah ẹsẹ 188 mẹ́nu ba irú rẹ̀ gan-an, ìyẹn àwọn tí ń fi ìdájọ́ jẹ ohun tí kì í ṣe tiwọn. Idà tí Ànábì gbà lọ́wọ́ ayánilówó, kò gbé e lé onígbèsè lọ́wọ́.

Èlé ńkọ́? Ẹsẹ 279 nínú Súrà kan náà sọ pé ojú owó ni ti ẹni tí ó yánilówó. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tí ó fọwọ́ sí èlé kò lè dé ilé ẹjọ́ gíga kí ó sọ pé ẹ̀sìn òun kò gbà á. Adájọ́ yóò ní kí ó ti mọ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó ronú pìwà dà, kí ó sì tọ báńkì lọ pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Kaab ọmọ Malik ń sin Ibn Abi Hadrad ní gbèsè nínú mọ́sálásí, ohùn wọn sì ròkè débi pé Ànábì gbọ́ ọ láti inú ilé rẹ̀. Ó ṣí aṣọ ìlẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ ṣàpẹẹrẹ fún Kaab pé kí ó yọ ìdajì. Kaab gbà. Ànábì sì sọ fún èkejì pé kí ó dìde kí ó lọ san ìyókù. Báńkì náà a máa yọ nínú èlé gbèsè tí ó ti pẹ́ bí onígbèsè bá mú ohun tí ó nípọn wá lẹ́ẹ̀kan, a sì máa tún oṣù ìsanwó pín. Kí a kọ ohun tí a bá fẹnu kò sí sílẹ̀.

Bí báńkì bá kọ̀, tí títà náà sì ní àbùkù, ilé ẹjọ́ gíga ni ibi tí a ó lọ fún àṣẹ ìdádúró. Kí onílé mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ pé iye gbèsè nìkan ni ó ń jiyàn lé lórí, ilé ẹjọ́ kì í dá báńkì dúró àfi bí ó bá kó iye tí báńkì ń béèrè wá sí ilé ẹjọ́. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní ẹ̀ka tí ó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà lẹ́yìn tí a bá ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí báńkì náà fúnra rẹ̀. Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà pé kí a mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí ó yẹ̀ lásán. Ti ẹni tí ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò sí owó nídìí rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyẹn lábẹ́ òfin.

Ipa ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n gbé òkú onígbèsè kan wá síwájú Ànábì, kò fẹ́ kí i lára àfi ìgbà tí Abu Qatada sọ pé òun yóò san gbèsè náà. Súrà Tawbah ẹsẹ 60 ka àwọn onígbèsè mọ́ àwọn tí sákà tọ́ sí. Síbẹ̀, ibi púpọ̀ ni a ti ń pín sákà ní ìwọ̀n ìrẹsì bí ẹni pé ìrẹsì nìkan ni tálákà mọ̀, tí arákùnrin kan sì ń pàdánù ilé nítorí owó tí ogójì ènìyàn lè dá jọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan a tún máa ké pé ribá ni ó jẹ, kí ó jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó ti ronú pìwà dà, ẹsẹ 280 ni kí a fi bá a lò: kí a fún un ní àsìkò títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dẹ̀, bí a bá sì yọ̀ǹda rẹ̀, ó dára jù. Àwọn báńkì aláìlélé ti wà báyìí, Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, TAJBank tẹ̀lé e ní 2019. Àwọn náà a máa gba ohun ìdógò, wọ́n sì lè tà á. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé orúkọ Ìsìláàmù lára báńkì túmọ̀ sí pé a kò ní san án.

Ẹni tí ìwé bá dé sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé, kí ó ti rí agbẹjọ́rò kí ó tó di Jímọ̀, kí ó mú ìwé àdéhùn, ìwé ilẹ̀ àti gbogbo rìsíìtì dání, kí ó sì kúkú sọ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun bá gbogbo onígbèsè san gbèsè wọn. Àmín.